Bí ìkìlọ̀ omíyalé ṣe ń rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, bí ẹnìkan bá sọ fún arọ náà lákòókò, tí ẹlòmíì sì ṣe tán láti gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí àdúgbò ṣe ń múra sílẹ̀ de àjálù, iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí ni kó kọ́kọ́ wò: ẹni tó ń sọ, àti ẹni tó ń gbé.

Ìbàdàn ló dára jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ láàárín ìlú. Lọ́jọ́ Jímọ́, 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò ńlá tún rọ̀, omi wọ́ afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, odò Ọ̀nà àti àwọn odò kéékèèké sì ya wọ ilé. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kú lé ní 100. Ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì bọ́ sí, ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òjò ṣì ń sinmi.

Omi tó ń yalé ní ìhà Yorùbá kì í ṣe irú kan. Ti odò ńlá wà, tó máa ń kún díẹ̀díẹ̀. Bí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn bá ń kún jù, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Omi yẹn á bọ́ sínú odò Ògùn, á gba Abẹ́òkúta, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú kó tó wọ ọ̀sà. Ìrìn náà máa ń gba àkókò, nítorí náà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ lè gbọ́ pé wọ́n ti ṣí dáàmù, kó sì ráyè kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ti Ìbàdàn yàtọ̀ sí èyí. Àgbàrá òjijì ni. Ìlú orí òkè àti àfonífojì ni, òrùlé pọ̀, kọnkéré pọ̀, ilẹ̀ tó lè fa omi mu kò pọ̀ mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ péré, gọ́tà tí ọmọdé ń fò kọjá láàárọ̀ lè di odò tí àgbàlagbà kò lè là kọjá.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fúnra rẹ̀. Mílímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òjò ọdún 2011 yẹn tó nǹkan bíi 187 mílímítà láàárín wákàtí mẹ́rin. Ilé tó bá jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, omi tó dà sórí òrùlé rẹ̀ nìkan jẹ́ lítà 18,700, èyí tó ju táńkì onílítà 2,000 mẹ́sàn-án lọ. Àádọ́ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ló lè wà ní òpópónà kan, gọ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń da omi sí. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ló dé tí omi fi wọlé.

Ìkìlọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ní ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́dọọdún, àjọ NiMet tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò parí, àti bóyá yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ NIHSA, tó ń ṣọ́ odò, á wá dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè ṣẹlẹ̀ sí. NEMA, àjọ ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì tí òfin ọdún 1999 dá sílẹ̀, á ta àwọn ìpínlẹ̀ lólobó. Ìpínlẹ̀ ní àjọ tirẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀nà náà ti ń já ni láàárín ìjọba ìbílẹ̀ àti ojúlé. Kí rédíò sọ pé omíyalé lè ṣẹlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan kò sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá odò pé yàrá tirẹ̀ gan-an lomi ń bọ̀ wá bá, kò sì sọ iye wákàtí tó kù. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń so ibi tó já yìí pọ̀. Kò sí ẹlòmíì tó lè bá wọn ṣe é.

Ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú máàpù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn yà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí gọ́tà, wọ́n á tẹ̀ lé e títí dé odò. Wọ́n á kọ ibi tí ẹnìkan ti mọ ògiri lé gọ́tà lórí, ibi tí ọ̀rá píọ́wọtà ti dí ihò abẹ́ afárá, àti ilé tí wọ́n kọ́ sínú bèbè odò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi àwọn àgbà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lomi dé lọ́dún yẹn?” Ìyá àgbà á fi ọwọ́ kan ara ògiri, wọ́n á sì fi téèpù wọn ún láti ilẹ̀. Bí ilé mẹ́ta tó wà lójú ilẹ̀ kan náà bá sọ ohun kan náà, ibẹ̀ ni ààlà omi. Wọ́n máa ń sọ pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ti òjò nìyẹn. Àgbàrá mọ ẹni tó ń lọ bá: ẹni tí ilé rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ibi gíga. Máàpù àdúgbò ló ń fi èyí hàn kedere. Wọ́n á yà á sórí páálí ńlá, wọ́n á sì gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, bíi ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ṣọ́ọ̀bù POS.

Ìwé kejì kì í ṣe fún gbogbo ojú. Orúkọ àwọn tí kò lè sáré ló wà níbẹ̀: bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, aboyún tó ti sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, afọ́jú, ìyá ìbejì tó ń dá gbé, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ nílé bó bá lọ ọjà. Ti ọmọ yìí burú jù, nítorí pé aládùúgbò lè má mọ̀ rárá pé ẹnìkan wà nínú yàrá náà. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á kọ orúkọ ẹni méjì tí yóò lọ gbé e, nítorí bí ọ̀kan bá wà níbi iṣẹ́, èkejì á wà nílé. Ọwọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí àdúgbò fọkàn tán ni ìwé náà ń gbé, kó má baà di ohun tí olè yóò máa kà.

Àléébù kan wà níbí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ lé lórí. Ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n ti máa ń ṣe irú ètò yìí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ayálégbé ló pọ̀ nínú àwọn tó ń sun yàrá ìsàlẹ̀. Ètò tí wọn kò pe ayálégbé sí ti fo àwọn tí omi yóò kọ́kọ́ bá.

Lẹ́yìn èyí ni ti àmì. Wọ́n á fi ọ̀dà kun òpó afárá, yẹ́lò nísàlẹ̀, pupa lókè. Bí omi bá dé yẹ́lò, àwọn tó wà nínú ìwé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bó bá dé pupa, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ààlà omi gbọ́dọ̀ ti jáde. Láti mọ ibi tí ọ̀dà yóò wà, wọ́n ní láti ti wo odò náà nígbà òjò ńlá mélòó kan, kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tó fi gun láti ibì kan dé ibòmíì, kí wọ́n sì fi wé ìṣẹ́jú tí ẹni tó lọ́ra jù lọ máa ń lò dé ibi gíga. Kò yẹ kí wọ́n rán ẹnikẹ́ni dúró sétí omi láàárín òru. Láti ojú fèrèsé tàbí ibi gíga ni kí wọ́n ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó tún yẹ kí wọ́n ní nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ní apá òkè odò, nítorí òjò lè máa rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ nísàlẹ̀.

WhatsApp wúlò, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, ẹni tó ti sùn kì í sì í ka mẹ́sééjì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí dára bí iná bá wà. Nítorí náà agogo tàbí fèrè gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí gbogbo ilé sì mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ omi ní àṣẹ láti lù ú láìdúró de alága. Bó bá lù ú tí omi kò dé, wọ́n á ṣàlàyé fún àdúgbò lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì ní bá a wí, nítorí ẹni tí wọ́n bá wí lẹ́ẹ̀kan á lọ́ra nígbà mìíràn.

Ibi tí wọ́n ń sá lọ sábà máa ń jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn tó wà lórí òkè. Ẹni mẹ́ta ló yẹ kó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gba orí afárá kankan, torí omi tó ń sáré tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó, 60 sì lè wọ́ jíìpù lọ. Kí omi tó wọlé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pa iná láti ṣéńjóvà. Báàgì kan ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò: ìwé ilẹ̀ àti sáátífíkéètì nínú ọ̀rá, káàdì ìdánimọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Lẹ́yìn tí omi bá ti fà, kànga ló ń pa èèyàn. Ṣáláńgá ti da ìgbẹ́ sínú rẹ̀, onígbáméjì sì lè bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ se omi mímu títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Fún ẹni tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga ju etí ṣíbí lọ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ ni wọ́n ń pò fún un mu nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ayálégbé kì í pẹ́ nílé kan, aboyún á bímọ, àgbà á kú. Nítorí náà wọ́n ń tún ìwé kejì kọ lóṣù Kẹta kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti lóṣù Keje kí ìsinmi òjò tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún un kọ, wọ́n á dán ètò náà wò nírọ̀lẹ́: wọ́n á tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnìkan nínú àwọn tó wà nínú ìwé, wọ́n á gbé e lórí àga dé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì wo aago. Bó bá pẹ́ ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣírò lọ, wọ́n á lọ sí òpó afárá, wọ́n á sì kun yẹ́lò sísàlẹ̀ sí i.