Belonogaster

Belonogaster jẹ́ ìbátan (genus, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tó sún mọ́ra) àwọn agbọ́n tó ń gbé pọ̀ ní agbo, nínú ìdílé Vespidae. Henri de Saussure ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1854. Gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ wà; ẹ̀yà Belonogaster juncea wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbọ́n ńlá ni, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.

Ilé

Abo ló ń kọ́lé, òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn abo mìíràn. Á fi ẹnu ha ara pákó tó ti gbó, á fi itọ́ pò ó, á sì fi mọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ilé náà kò ní èèpo, nítorí náà ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ lè rí orí ìdin, ìyẹn ọmọ agbọ́n, nínú ihò. Ní Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Yábàá àti Àkọkà, abẹ́ òrùlé páànù, igun fèrèsé àti ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ni kéèyàn wò. Bí ọmọ bá ti di àgbà tó sì jáde, àwọn àgbà a wó ihò rẹ̀.

Oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ

Apá yìí ló mú kí ìbátan náà ṣe pàtàkì nínú ìmọ̀ kòkòrò. Àgbà a pa ìdin labalábá, á rún un di òkèlè, wọn á pín in nílé, wọn á sì fi bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀kán omi kan á wá yọ lẹ́nu ọmọ, àgbà á sì lá a. Émile Roubaud, onímọ̀ ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, kọ̀wé lórí èyí ní 1916: lójú tirẹ̀, omi yìí ló ń fa àgbà mọ́ ọmọ. Láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni W. M. Wheeler, onímọ̀ kòkòrò ará Amẹ́ríkà, ti mú èrò tó pè ní trophallaxis (pípààrọ̀ oúnjẹ láàárín àwọn ará agbo) jáde ní 1918. Lónìí, ó jọ pé omi náà nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìgbé-ayé agbo wọn.

Ọmọ kì í yàgbẹ́ títí ó fi fẹ́ paradà. Inú àpò kan nínú ikùn rẹ̀ ni gbogbo ìgbẹ́ náà ń kó jọ sí. Bó bá ti yà á tán, àwọn àgbà ló ń fa àpò náà jáde kúrò nínú ihò, ìwà tí a kì í bá lọ́wọ́ Polistes, ìbátan agbọ́n mìíràn.

Ìyá ilé àti òṣìṣẹ́ jọra. Agbára ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò yé ẹyin.

Agbọ́n àti èèyàn

Abo lè ta èèyàn léraléra, nítorí oró rẹ̀ kì í já sí ara bíi ti oyin. Akọ kì í ta. Iná ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń lé wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n wúlò fún ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́, nítorí ìdin tó ń jẹ ewé ni wọ́n ń pa.