Ẹ̀san àti ìjà inú nínú eré Ọba Kò So

Ọba Kò So jẹ́ eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, tí Dúró Ládiípọ̀ ti ìlú Òṣogbo kọ, tí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sì kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1963. Ìgbẹ̀yìn ayé Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, ni eré náà dá lé lórí: bí ẹ̀rù àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì ṣe mú un dá ọgbọ́n tí ó padà wá dá òun fúnra rẹ̀ lóró, bí ìbínú ṣe mú un pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, àti bí ìtìjú ṣe lé e dé ìdí igi àyàn, níbi tí ó ti pokùn so. Ó wà lára àwọn eré àjálù tí òkìkí wọn kàn jù lọ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá.

Ibi tí eré náà ti wá

Ilé onígbàgbọ́ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ Ládiípọ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Ọdún Àjíǹde, àwọn kan nínú ìjọ kò fọwọ́ sí i, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Mbari, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbò, ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí ó ti wà ní Ìbàdàn ṣáájú. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní èdè tiwọn bí ẹni ń sọ pé "m̀bá rí i, m̀bá yọ̀", bẹ́ẹ̀ ni ibùdó náà ṣe di Mbárí Mbáyọ̀. Ọba Mórò ni ó ṣáájú Ọba Kò So, Ọba Wàjà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1964. Àwọn kan tí wọ́n di gbajúmọ̀ ayàwòrán Òṣogbo kọjá nínú ẹgbẹ́ òṣèré yìí: Twins Seven-Seven jó níbẹ̀, Jimoh Buraimoh sì ni ó ń bójú tó iná ìtàgé.

Ìtàn Ṣàngó wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, ìjà Tìmì àti Gbọ̀ọ̀nkáà kò ṣẹlẹ̀ ní ayé Ṣàngó rárá. Abẹ́ Aláàfin Kóri ni ó wà. Eré yìí so ìtàn méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti wá, nítorí pé ó fún ikú Ṣàngó ní ìdí tí ó ti ọwọ́ ènìyàn wá. Fún ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé: Ẹdẹ, ìlú tí wọ́n rán Tìmì lọ, wà nítòsí, Tìmì sì ni oyè ọba ibẹ̀ títí di òní.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí ẹ̀san

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ogun ti sú àwọn ará Ọ̀yọ́. Àwọn méjì tí ń jà á fún ọba, Tìmì àti Gbọ̀ọ̀nkáà, ti lágbára débi pé ìlú ń kùn sí wọn. Ṣàngó kò lè lé wọn, nítorí pé àwọn ni apá rẹ̀. Kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ará ìlú kò ní gbà. Ọya aya rẹ̀ ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ láti ṣọ́ ẹnubodè. Tìmì, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́fà Iná nítorí pé ọfà rẹ̀ ń gbé iná jáde, kò bá ìparun pàdé níbẹ̀. Àwọn ará Ẹdẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì fi í jọba. Ni Ṣàngó bá rán Gbọ̀ọ̀nkáà pé kí ó lọ mú un wá. Gbọ̀ọ̀nkáà fi ọfọ̀ kùn ún lóorun, ó sì mú un dé Ọ̀yọ́ láàyè. Níbi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti tán, ọba ní òun kò gbà, kí wọ́n tún ìjà náà jà lójú gbogbo ènìyàn. Gbọ̀ọ̀nkáà tún borí, ó bẹ́ Tìmì lórí, ó sì kọjú sí ọba.

Ẹ̀san inú eré yìí kò jọ ti ọmọ tí ń gbẹ̀san ikú baba rẹ̀. Gbọ̀ọ̀nkáà kò ní ọ̀tá kankan tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọba ni ó ń jẹ́. Ìgbà tí wọ́n ní kí ó tún ìjà jà ni ó hàn sí i gbangba pé kò sí èyí tí ọba fẹ́ kí ó ṣẹ́ kù nínú àwọn méjèèjì. Tìmì ni ó sì ṣeni láàánú jù, ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ju pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Nínú ìtàn tí a jogún, wọ́n tilẹ̀ dáná sun Gbọ̀ọ̀nkáà, ó sì jáde láìjóná. Ọkùnrin tí ó ti la irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá kò tún ní ìdí láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó dá a.

Ìjà inú Ṣàngó

Nínú eré yìí, ọba kì í dá nìkan jókòó kí ó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. Ewì alohùn, orin àti ìlù ni ó gbé gbogbo rẹ̀, nítorí náà inú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohùn àwọn ènìyàn ni a ti ń rí ogun tí ń lọ nínú ọba. Ọfọ̀ ni èdè àwọn jagunjagun. Ẹni tí ń pe ọfọ̀ a dárúkọ ohun tí kì í yẹ̀ láyé, a sì pàṣẹ pé bí tirẹ̀ kì í ti í yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tòun náà kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kò sí àyè fún "bóyá" nínú rẹ̀. Nígbà tí Tìmì àti Gbọ̀ọ̀nkáà bá kojú ara wọn, ìdánilójú méjì ni ó ń jà, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣubú. Nínú àwọn mẹ́ta, Ṣàngó nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì. Oríkì ń pè é ní ẹni tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, bàtá ń sọ bẹ́ẹ̀ náà, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n ń kì báyìí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìránṣẹ́ méjì pé ẹ̀rù wọn ń ba òun. Àlàfo tí ó wà láàárín oríkì àti ọkàn yìí ni àjálù náà ti yọ jáde.

Nígbà tí Gbọ̀ọ̀nkáà dójú tì í, tí àwọn ènìyàn sì ń kẹ̀yìn sí i, ìbínú náà bọ́ sórí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó pa àwọn ènìyàn tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹ̀san kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lára rẹ̀ tí ó ju èyí tí ọkàn rẹ̀ ń gbà lọ. Ọya bá a jáde ní ìlú, ṣùgbọ́n kò bá a dé òpin. Ó sì dun Ṣàngó pé ẹni tí ó mú ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ wá náà ni ó fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹni tí ó bá mọ òfin Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ yóò rí ohun mìíràn nínú ikú yìí. Ọba tí ìlú bá kọ̀, tí Baṣọ̀run sì gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó kú lọ. Nínú eré, kò sí igbá tí ẹnikẹ́ni gbé wá. Ṣàngó fúnra rẹ̀ ni ó dá ẹjọ́ náà, ó sì dá a fún ara rẹ̀.

A kì í sọ pé ọba kú. Ó wàjà ni à ń sọ. Bí ó ti rí báyìí, ariwo "Ọba so!" tí àwọn ẹlẹ́gàn ń pa jẹ́ èèwọ̀ lọ́nà méjì: ó sọ pé ọba kú, ó sì dárúkọ irú ikú tí ó kú. Àrá àti iná ni ìdáhùn tí ó ti òkè wá, ẹnu tí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ sì yí padà sí "Ọba kò so". Ní ibi tí ó yẹ kí ẹ̀san ti parí, òkú ọba ni ó tún gbà á, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ di òrìṣà.

Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, aya rẹ̀ Abíọ́dún sì ń ṣe Ọya. Wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní ọdún 1964, àti sí Àjọ̀dún Iṣẹ́ Ọnà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965. Ládiípọ̀ kú ní ọdún 1978. Ní ọdún 1972, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde bí wọ́n ṣe dà á kọ láti inú téèpù. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ṣàngó wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ohùn bàtá tí ń dá a lóhùn, èyí tí ó máa ń mú kí àwọn tí ń wòran ní Mbárí Mbáyọ̀ mọ ohun tí ọba kò lè sọ, etí nìkan ni ó lè gbọ́ ọ.