Gíráǹtì ilé-ẹ̀kọ́: kí ni "owó tí a gbà pé ìlú yóò dá"?

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, ni èyí tí ìjọ tàbí ìlú dá sílẹ̀, tí ìjọba wá ń bá wọn gbé lára ìnáwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn bàbá wa ti kàwé ló jẹ́ irú rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń pín owó náà ni kí èèyàn máa fojú sí, torí bí òfin ọ̀hún bá ti yí padà, orí ẹlòmíràn ni ẹrù bọ́ sí nìyẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ìṣirò kankan. Láti 1877, ìjọba Èkó kàn ń fún CMS (ìjọ Áńgílíkà), ìjọ Wesley àti ìjọ Àgùdà ní £200 lọ́dún, ìjọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1916, Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà nígbà náà, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ máàkì: nínú 100, ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ gba 40, ìwà àti ètò ilé-ẹ̀kọ́ gba 30, olùkọ́ gba 20, ilé àti ìmọ́tótó gba 10. Inú mi kì í dùn sí 20 yẹn. Orí olùkọ́ ni gbogbo ìyókù wà.

Ọdún 1948 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé wọlé, nínú àbọ̀ ìwádìí tí Sir Sydney Phillipson ṣe lórí gíráǹtì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò ìnáwó tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn owó oṣù àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba owó fún ìnáwó kéékèèké kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wá yọ owó tí a gbà pé ìlú yóò dá kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni gíráǹtì.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí àpẹẹrẹ. Ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́ kan jẹ́ £500. Ìjọba ní ìlú yóò dá £150. £350 ni ìjọba yóò san.

"A gbà pé" ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba kò dúró wo ohun tó wọ àpò ilé-ẹ̀kọ́ kó tó yọ £150 rẹ̀. Bí kòkó kò bá ta lọ́dún náà, tí àwọn òbí sì rí £90 péré san, £350 náà ni ìjọba yóò ṣì mú wá. £60 tó dín, ìjọ ni yóò wá a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olùkọ́ á máa ka ọjọ́ lórí owó oṣù rẹ̀.

Owó tí òbí ń san lórí ọmọ ló pọ̀ jù nínú ìdá ìlú yìí. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fagi lé e ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ 811,432 sì jókòó sí kíláàsì lọ́dún náà. Níbo ni ìlú yóò ti wá rí £150? Ìjọba ti bu owó orí lé àwọn èèyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera ṣáájú ìgbà náà, ará ìlú sì ráhùn gan-an. Ẹrù tó wà lọ́rùn bàbá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan tẹ́lẹ̀ ti kan gbogbo ẹni tó ń san owó orí, títí dé orí ẹni tí kò bímọ.