Ta ló débẹ̀ tó fi mọ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn plánẹ́ẹ̀tì kan ń yí ìràwọ̀ mìíràn po bí ayé ṣe ń yí oòrùn po. Ta ló rí wọn?

Ìdáhùn: Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò fojú rí i. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣọ́, bóyá á dín. Ká ní ọkọ̀ kan tan iná sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ̀yin wà ní ìlú Ọ̀yọ́, èèrà wá rìn kọjá lójú iná náà: ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Bí plánẹ́ẹ̀tì tó tó ayé bá gba iwájú ìràwọ̀ tó tó oòrùn, ìdá kan péré nínú 12,000 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń dín. Awò Kepler, tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sójú òfúrufú lọ́dún 2009, ṣọ́ ìràwọ̀ tó ju 150,000 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó gbà pé plánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dín, kí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Bí ọdún ibẹ̀ bá gùn tó tiwa, ìṣọ́ náà lè gbà tó ọdún mẹ́ta. Síbẹ̀, nínú nǹkan bíi 200 irú ayé bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ló máa ń gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ lójú tiwa. Àwọn yòókù ń kọjá lókè tàbí nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló máa ń tàn wọ́n jẹ?

Ìdáhùn: Àbàwọ́n ara ìràwọ̀, àti ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn lójú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tún ń wọn bí plánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ìràwọ̀ síwá sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Mayor àti Queloz, gbà rí plánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ 51 Pegasi b lọ́dún 1995. Ayé ń fa oòrùn ní sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó ń rákò yá jù bẹ́ẹ̀. Dídín ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ bó ṣe tóbi tó, fífà ló ń sọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá òkúta ni tàbí gáàsì.

Ìbéèrè: “Ibi tó ṣeé gbé” tí wọ́n ń pè é ńkọ́? Ṣé a lè kó lọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kò ju pé jíjìnnà rẹ̀ sí ìràwọ̀ lè jẹ́ kí omi wà ní omi, kó má gbẹ, kó má di yìnyín. Ẹ wo àgùàlà tí wọ́n ní ajá òṣùpá ni. Plánẹ́ẹ̀tì ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé, àmọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó nípọn mú ooru mọ́ra débi pé ilẹ̀ rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 460°C. Oru Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ibo ni wọ́n wá bá a dé?

Ìdáhùn: Ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ TRAPPIST-1 ni wọ́n tẹjú mọ́ jù: plánẹ́ẹ̀tì méje ló ń yí i po, ó sì jìnnà tó nǹkan bíi 40 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ sí wa. Lọ́dún 2023, awò Webb wọn èyí tó sún mọ́ ìràwọ̀ náà jù, ó bá a ní nǹkan bíi 230°C, kò rí àmì afẹ́fẹ́ tó nípọn. Ẹ̀kẹrin nínú wọn, tó ń jẹ́ e, wà níbi tí omi lè dúró. Àmọ́ àbàwọ́n ara ìràwọ̀ náà ń da ìwọ̀n rú, wọ́n sì ń tún un wọ̀n léraléra.