Podunk Wo Lẹ Ń Wí?

Láàárín oṣù yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló gbé ìwé wá bá mi tí wọ́n kọ "ìlú Podunk" sí, bí ẹni pé ìlú kan pàtó ni òyìnbó máa ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ọdún 21 ni mo ti ń túmọ̀ èdè jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Podunk wà lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà o. Odò kan ń jẹ́ ẹ ní Connecticut, àdúgbò kan wà ní Massachusetts, òmíràn ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá lẹ́bàá odò Connecticut ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹbí èdè Algonquian, ìyẹn èdè àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, lorúkọ náà ti wá, ilẹ̀ àbàtà tí ẹsẹ̀ ń rì sí ló ń tọ́ka sí. Lọ́dún 1631, Wahginnacut, ọ̀kan nínú àwọn olóyè wọn, lọ sí Boston, ó ní káwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó sílẹ̀ àwọn. Wọ́n wá. Nígbà tí ogun àwọn onílẹ̀ àtàwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti 1675 sí 1676, fi parí, àwọn Podunk ti fọ́n ká.

Lọ́dún 1846, ìwé ìròyìn kan ní Buffalo, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New York, ń tẹ àwọn lẹ́tà ẹ̀fẹ̀ kan jáde, tí wọ́n ní Podunk ni wọ́n ti wá. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti di ti ìlú kótópó yòówù tẹ́nikẹ́ni ò kà sí.

Bẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé òyìnbó, lẹ́tà p ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá kéré, àbùkù ni wọ́n ń fi kan nǹkan. Bó bá tóbi, ẹ má tíì yọ̀: ṣé orúkọ ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e? Bí kò bá sí, "abà kan ṣá" ni kẹ́ ẹ kọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ èdè sọ fún oníbàárà mi pé "Apá-odò-ń-ká" ni Podunk, pé Yorùbá ló tẹ ibẹ̀ dó. Odò wà níbẹ̀, mo gbà. Yorùbá wo?

Bàbá kan ló dùn mí jù. Ọmọ rẹ̀ rí ààyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà. Àbúrò bàbá náà tó wà níbẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lédè òyìnbó pé kí ọmọ má lọ sí "podunk college" yẹn. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá pè é. Ó tẹ ìwé ìpè ìdúpẹ́ 200, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì Podunk" gàdàgbà níwájú rẹ̀, ó wá ní kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀ fáwọn àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá.

Mo ní, "Bàbá, èébú ni."

Ó jókòó. "Ta ló wá bú wa?"

"Àbúrò yín ni, sà."

Ó kó ìwé náà padà sínú ọ̀rá. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ náà ò gbọdọ̀ gbọ́."