Bí a ṣe ń ṣírò owó tí ìdílé nílò láti gbé ní ìrọ̀rùn ní London

Àwọn tó ń múra àtikó lọ sí London máa ń mú iye tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà iṣẹ́, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí náírà, orí wọn á sì wú. Ọ̀nà tí ìṣirò yẹn gbà kò dára. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló yẹ kó ti wá: ohun tí ìdílé máa ná lóṣù ni à á kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà la ó wá wá owó iṣẹ́ tó lè gbé e, ìyẹn owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò náà máa já sí rèé. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, ọ̀kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èkejì ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tó ń lọ sí nọ́sìrì, tí wọ́n háyà ilé oníyàrá méjì ní etí London, nílò nǹkan bí £95,000 lọ́dún láàárín àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí owó nọ́sìrì, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí £68,000. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ tí èkejì dúró ti ọmọ nílé, nǹkan bí £78,000. Ìdílé kan náà ni, inú ilé kan náà ni wọ́n wà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ìrọ̀rùn tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọlá. Ní Yunifásítì Loughborough, iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí wọ́n ti ń ṣe láti 2008, wọ́n ń pè é ní Minimum Income Standard. Àwọn olùṣèwádìí náà kì í dá a fojú bù. Àwọn ará ìlú ni wọ́n ń kó jọ kí wọ́n jíròrò ohun tí ènìyàn ò gbọdọ̀ ṣaláìní kó tó lè gbé bí èèyàn láàárín ẹgbẹ́. Oúnjẹ àti ilé wà níbẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí àti ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2024, iye tó jáde fún tọkọtaya ọlọ́mọ méjì jẹ́ £69,400, ti ẹni tó ń dá gbé jẹ́ £28,000. Ìyẹn fún àwọn ìlú tí kì í ṣe London. Ti London ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àlàyé yìí, ìdílé tó wà ní ìrọ̀rùn ni èyí tó san gbogbo gbèsè oṣù lásìkò, tó rí nǹkan fi pamọ́, tí fíríìjì rẹ̀ bá sì bàjẹ́, tí kò ní yá owó kó tó ra òmíràn.

Owó ilé ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ní 2025, ìpíndọ́gba owó ilé àdáni ní London ti kọjá £2,200 lóṣù. Etí ìlú ló dín kù díẹ̀: Thamesmead, Abbey Wood, Barking, Dagenham, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kó lọ nígbà tí Peckham, àdúgbò tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, gbówó lórí. Ká fi £1,800 ṣe àpẹẹrẹ fún ilé oníyàrá méjì. Kí ajẹ́ńtì tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, á sọ owó ilé oṣù kan di ìlọ́po 30, á sì wò ó bóyá owó iṣẹ́ ọdún kan tó bẹ́ẹ̀. £1,800 lọ́nà 30 jẹ́ £54,000. Òṣùwọ̀n onílé nìyẹn: ó ń sọ bóyá wọ́n á rí owó ilé gbà, kò sọ bóyá àwọn tó ń gbénú rẹ̀ á rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀pọ̀ ń ṣe àṣìṣe níbí, wọ́n rò pé bí ajẹ́ńtì bá ti gbà wọ́n, owó wọn ti tó nìyẹn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ìtàn gbèsè sísan kankan ní Britain, kò sì mọ ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un. Ìdí nìyí tí àwọn onílé fi máa ń béèrè owó oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ọdún kan, kí wọ́n tó gbà. Òfin Renters' Rights Act ti 2025, tó dá lórí ẹ̀tọ́ ayálégbé, ní kó dópin láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2026: onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù kan ṣáájú mọ́. Owó ìdógò pẹ̀lú ní ààlà láti ìgbà òfin 2019: ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Fún ilé £1,800, ìdógò náà jẹ́ nǹkan bí £2,077, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọlé, £3,877 ti jáde kí wọ́n tó ra bẹ́ẹ̀dì. Àjọ tí àwọn èèyàn wa ń dá níbẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ yọ lọ́jọ́ yìí, torí ẹni tó bá tètè kó tirẹ̀ kì í san èlé fún ẹnikẹ́ni.

Council tax, owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀, tún ń tẹ̀ lé owó ilé, àdúgbò ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Ilé tó wà ní Band D, ọ̀kan nínú ìpele tí wọ́n pín ilé sí, ní Wandsworth tàbí Westminster ń san nǹkan bí £1,000 lọ́dún. Ní Kingston àti Croydon, ó ju £2,400 lọ. Ẹni tó ń dá gbé ń rí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan yọ kúrò.

Ibi tí àlàyé ti nílò sùúrù ni owó orí. Ní Britain, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ń bu owó orí fún, wọn kì í pa owó tọkọtaya pọ̀. Ní ọdún owó orí 2025/26, £12,570 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbà kò ní owó orí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ fún owó orí, ìdá 8 ń lọ fún National Insurance, owó tí ìjọba ń yọ nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́, títí dé £50,270. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, owó orí di ìdá 40, National Insurance sì di ìdá 2. Mú tọkọtaya tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń gba £40,000: ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú £32,319 délé, àpapọ̀ rẹ̀ ju £64,600 lọ. Ilé kejì, ọkọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, £80,000 ni wọ́n sì ń san fún un: £56,957 ló ń mú délé. Owó kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé fún ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n ó lé ní £7,600 tí ilé kejì pàdánù lọ́dún.

Bí ìdílé náà bá lẹ́tọ̀ọ́ sí Child Benefit, owó tí ìjọba ń fún òbí nítorí ọmọ, ìyàtọ̀ náà tún fẹ̀ sí i. Fún ọmọ méjì ní 2025/26, ó jẹ́ £43.30 lọ́sẹ̀, ó lé ní £2,200 lọ́dún. Bí owó ẹnì kan nínú òbí bá ti kọjá £60,000, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá pé £80,000, kò sí nǹkan kan mọ́. Ilé tí òbí méjèèjì ti ń gba £40,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń gbà á pé, ilé tí ẹnì kan ti ń gba £80,000 kò rí kọ́bọ̀. Kò bójú mu rárá, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn.

Owó ìfẹ̀yìntì tún wà. Ibi iṣẹ́ máa ń fi òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀ fúnra wọn. Ìdá 5 ń jáde láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ nínú owó tó wà láàárín £6,240 àti £50,270, ìdá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó orí tí ìjọba dá padà. Àwọn kan ń yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀ kí owó ọwọ́ lè pọ̀ sí i. Kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n á pàdánù ìdá 3 tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún un.

Bí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, òfin kékeré kan jáde tó wúlò gan-an: lábẹ́ £50,270, nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún owó iṣẹ́, pẹ́ńsì 68 péré ló ń dé ọwọ́. Lókè rẹ̀, ó di 58.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká to ìnáwó. Owó ilé £1,800, council tax £165, iná, gáàsì àti omi £220, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì £70. Oúnjẹ £700, iṣu, gàrí àti ẹja gbígbẹ tí à ń lọ rà ní Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, ń fa iye yìí sókè, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ìjọba London ti ń fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọkọ̀ wíwọ̀ £400, bí ọ̀kan nínú òbí bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin tí èkejì ń wọ bọ́ọ̀sì. Aṣọ, ìwé ọmọ, ìjáde àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí £300. Owó ìpamọ́ £300.

Ohun méjì kù tí kò sí nínú ìwé Loughborough. Àkọ́kọ́ ni owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó bá kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ láìfi èyí kún un ti tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá kì í dúró de ìgbà tí owó bá ṣẹ́kù. Àárín owó ilé àti iná ni ààyè rẹ̀ wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìwé. Ká fi í sí £250. Èkejì ni owó físà. Àgbàlagbà tó wà lórí físà iṣẹ́ ń san £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan fún ìlera, ọmọdé ń san £776. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, £3,622 lọ́dún nìyẹn, gbogbo ọdún tó wà lórí físà ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Físà ọdún mẹ́ta yóò gba £10,866 lọ́jọ́ kan. Àwọn tó wà lórí físà Health and Care, ti òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú, kì í san án. Ẹni tó bá ń san án ní láti máa tọ́jú £300 lóṣooṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún tí físà bá fẹ́ parí ni gbèsè ń wọlé.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £4,505 lóṣù, £54,060 lọ́dún. Bí tọkọtaya bá pín in dọ́gba, kálukú gbọ́dọ̀ mú £27,030 délé, èyí tó túmọ̀ sí pé £34,200 ni wọ́n máa kọ sínú lẹ́tà iṣẹ́ kálukú. Ibẹ̀ ni £68,000 ti wá. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló máa dá a gbé, á wọ ibi tí pẹ́ńsì 58 ti ń dé ọwọ́, á sì di £78,000.

Nọ́sìrì ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Nọ́sìrì tó ń gba £1,500 lóṣù fún ọmọ kékeré, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún, kò ṣọ̀wọ́n ní London. £18,000 lọ́dún nìyẹn, ṣùgbọ́n nítorí owó orí, ó gba £26,500 owó iṣẹ́ kí £18,000 tó dé ọwọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, fún ọmọ òbí tó ń ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́sàn-án. Kì í pa owó náà rẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó gé e kúrú gidi. Ẹnubodè méjì ló wà níbẹ̀. Bí owó ọ̀kan nínú òbí bá kọjá £100,000, ẹ̀tọ́ náà bọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọkọtaya tí kálukú wọn ń gba £99,000 ṣì ń jẹ ẹ́. Lókè £100,000 yìí kan náà ni £12,570 tí kì í ní owó orí ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, tó fi jẹ́ pé pẹ́ńsì 38 ló ń dé ọwọ́ nínú pọ́ùn kan títí dé £125,140. Àwọn tó bá dé ibẹ̀ máa ń da àfikún náà sínú owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹnubodè kejì ló kan àwa jù. Orí físà iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ni ín kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Bí òbí méjèèjì bá wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀, wákàtí 30 kò sí fún wọn, Child Benefit kò sí. Ohun tó kù ni wákàtí 15 tó wà fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Owó orí kan náà ni wọ́n ń san pẹ̀lú aládùúgbò wọn, ṣùgbọ́n £95,000 ni wọ́n nílò láti gbé ìgbésí ayé tí aládùúgbò ń fi iye tó kéré sí i gidi gbé. Ìdí tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya fi pín iṣẹ́ sí ọ̀sán àti òru nìyí, kí ọ̀kan lè máa wà pẹ̀lú ọmọ, tàbí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pe ìyá àgbà wá.

Fún àpọ́n, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ní 2024, London Living Wage, tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan fínnúfíndọ̀ ń san, di £13.85 fún wákàtí kan. Wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ £27,000. Nǹkan bí £1,845 ló ń dé ọwọ́ lóṣù. Kí ajẹ́ńtì tó fúnni ní ilé oníyàrá kan tó jẹ́ £1,350, owó iṣẹ́ £40,500 ló ń béèrè, nítorí náà ilẹ̀kùn ti tì kó tó débi ìṣirò. Yàrá kan nínú ilé àjọgbé ló kù fún un, kì í ṣe nítorí pé ó ń ṣahun.

Ìwé ìgbélùú, àṣẹ láti máa gbé ní Britain láìní gbèdéke, ló ń yí gbogbo iye wọ̀nyí padà lẹ́ẹ̀kan. Owó rẹ̀ ní 2025 jẹ́ £3,029 fún ẹnì kan, £12,116 fún ẹni mẹ́rin, ó sì yẹ kí ìdílé ti máa tọ́jú èyí náà lọ́tọ̀. Láti oṣù tó bá jáde, £300 ìlera dópin, Child Benefit ṣí sílẹ̀, wákàtí 30 náà ṣí sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣì kéré. Ìdílé tó ń fi £95,000 gbọ́ bùkátà lè wá bẹ̀rẹ̀ sí kó owó ìdógò ilé tiwọn jọ.