Bí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, láti orí ìpàdé dé ẹnu ẹ̀rọ omi

Ẹni tó bá rí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi, tí gbogbo wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí oníkámẹ́rà ń sáré kiri, ibi tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà ló rí. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ti fi ṣe ìwádìí, tí wọ́n fi kó owó jọ, tí wọ́n fi bá àwọn ará àdúgbò jíròrò kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa fa omi. Ohun tó ń gbé ẹgbẹ́ la gbogbo àsìkò yẹn já kì í ṣe owó nìkan. Ìrẹ́pọ̀ ni: kí àwọn ènìyàn mọ ara wọn débi pé bí ẹnì kan bá ní òun á wá láago mẹ́fà ìdájí, àwọn yòókù mọ̀ pé á wá.

Ìrẹ́pọ̀ ló kọ́kọ́ wà, iṣẹ́ ìrànwọ́ ló tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Paul Harris bá ọkùnrin mẹ́ta pàdé ní ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn: onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà, oníṣòwò èédú àti aránṣọ. Ìpàdé wọn ń yípo láti ọ́fíìsì ẹnì kan dé ti ẹlòmíì, ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Rotary (ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó ń yípo), ti jáde. Ọ̀rẹ́ àti oníbàárà ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ní 1907 ni wọ́n dáwọ́ lé iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́, tí wọ́n bá àwọn mìíràn pawọ́ pọ̀ kí Chicago lè ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ mìíràn, Kiwanis, bẹ̀rẹ̀ ní Detroit ní 1915. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Melvin Jones sì kó àwọn ẹgbẹ́ jọ di ẹgbẹ́ Lions ní Chicago ní 1917.

Àṣà kan láti ìgbà yẹn wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ṣe rò lọ: kí iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ síra. Ẹgbẹ́ tó ní dókítà kan, ẹnjiníà kan, olùṣirò owó kan, olùkọ́ kan àti agbaṣẹ́ṣe kan kò ní san owó kí wọ́n tó mọ̀ pé iye tí awakànga pè ti pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn jẹ́ oníṣẹ́ kan náà yóò ra ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ àjèjì, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ láìní in, ìyẹn ló sì burú jù.

Ìpàdé ni ọkàn ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ Rotary ti máa ń pàdé; láti 2016 ni òfin wọn ti gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ti tó. Ìpàdé tó dára kì í ju wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lọ. Amójútó ètò á ti dé kí àwọn tó kù tó dé, á to àga, á gba àlejò, á rí i pé ẹnì kan jókòó ti àlejò náà. Ààrẹ á lu aago, wọn á kí àlejò, akọ̀wé á kéde, àwọn alága ìgbìmọ̀ á sọ ibi tí iṣẹ́ dé ní ìṣẹ́jú méjì méjì, olùbánisọ̀rọ̀ á gba bí ogún ìṣẹ́jú, ààrẹ á tún lu aago. Kí ìpàdé parí lásìkò ṣe pàtàkì ju ohun tí ààrẹ ní láti sọ lọ. Òṣìṣẹ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tí ìpàdé bá dá dúró lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní wá nígbà kẹrin, kò sì ní sọ ìdí.

Eré ìtanràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin rẹ̀ sì dájú. Nínú Lions, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tail Twister ló ń bu owó ìtanràn lé ènìyàn, torí pé ó pẹ́ dé tàbí pé kò fi báàjì sáyà. Kò gbọdọ̀ tanràn ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ìpàdé kan, ìgbìmọ̀ ló sì ń sọ iye tí owó náà kò gbọdọ̀ kọjá. A kò lè tanràn òun fúnra rẹ̀ àfi tí gbogbo ẹni tó wà níjòókòó bá fẹnu kò. Kíákíá ni owó náà gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ akápò, kó sì gba risíìtì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, àmọ́ ìwé ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó parí.

Ibi tí ìrẹ́pọ̀ ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí: tábìlì kan náà, ènìyàn kan náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun á jókòó sí ìdí ògiri, wọn á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sẹ́ni tó máa fún un níṣẹ́. Ní bí oṣù mẹ́fà, á ti lọ. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ gidi kan láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì so ó mọ́ àgbà ẹgbẹ́ kan tí yóò máa pè é bí kò bá wá. Ìrìn àjò, eré ìdárayá, àbẹ̀wò sí ẹgbẹ́ mìíràn, gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ènìyàn tètè máa ń mọ ara wọn níbi tí wọ́n ti jọ ń gbé àga àti páálí oògùn.

Owó ni ibi tí ọ̀rẹ́ ti ń tú ká. Àpò méjì ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ní báǹkì. Ti àkọ́kọ́ ni àpò ìṣàkóso: owó ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san, owó ìtanràn tí ọmọ ẹgbẹ́ fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń san gbọ̀ngàn, ìwé àti owó orílé-iṣẹ́ àgbáyé. Èkejì ni àpò iṣẹ́ ìrànwọ́, níbi tí gbogbo ohun tí aráàlú bá dá ń wọ̀. Òfin Lions sọ ọ́ kedere pé owó tí a gbà lọ́wọ́ aráàlú gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ aráàlú, títí kan èlé tó bá hù lórí rẹ̀. Kìkì ohun tí a ná ní tààrà láti kó owó náà jọ ni a lè yọ. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó, kí méjèèjì má sì jẹ́ ará ilé kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe olè. Akápò á yá owó gbọ̀ngàn láti inú àpò ìrànwọ́, á ní “oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dá a padà.” Oṣù yẹn kì í dé. Nígbà tí oníṣẹ́ bá wá gba owó, àpò ti ṣófo, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó fowó sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹgbẹ́ kan lọ, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn á dara pọ̀ mọ́ wọn. Fún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní global grant láti ọ̀dọ̀ The Rotary Foundation, àpò ìrànwọ́ àgbáyé ti Rotary, ìnáwó iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kéré sí $30,000. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ tó wà níbi iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ìwádìí ohun tí àdúgbò nílò gbọ́dọ̀ ṣáájú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pa ìwé ìnáwó mọ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Àpò yẹn kò tóbi níbẹ̀rẹ̀: $26.50 ni ọrẹ àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Rotary ti ìlú Kansas City.

Ìwádìí ohun tí àdúgbò nílò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fò. Wọ́n á bá olórí àdúgbò sọ̀rọ̀, olórí á ní omi ni àwọn ń fẹ́, wọ́n á lọ wá awakànga. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi ló mọ ọ̀rọ̀ omi. Ẹ bi àwọn obìnrin lọ́tọ̀, ẹ bi àwọn ọmọdé lọ́tọ̀: níbo lẹ ti ń pọn ọ́n, aago mélòó lẹ ń jí, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù sì nìyí: ẹ mú wa lọ wo ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí àdúgbò tí kò ní ọ̀kan. Ohun tó pa ti ìṣáájú ló máa pa tuntun, àyàfi tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà mìíràn, títún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe ni iṣẹ́ tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbé fọ́tò tó rẹwà jáde.

Ìlànà Sphere tí àwọn aṣèrànwọ́ ń lò kárí ayé sọ pé ẹ̀rọ àfọwọ́fà kan tó ń mú lítà 17 jáde ní ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ wà fún ju ẹni 500 lọ, pé kí omi má jìn ju mítà 500 sí ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì tò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí kànga fi ó kéré tán mítà 30 jìnnà sí ṣáláńgá. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mú omi jáde, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdúró láti mọ̀ bóyá kò ní gbẹ, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò kòkòrò àti kẹ́míkà, kí wọ́n sì fi klorín fọ kànga. Nínú àyẹ̀wò yẹn, ẹ wo pH, òṣùwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan sí hàn, dáadáa. Bí omi bá kan, tí pH rẹ̀ kò tó 6.5, páìpù irin tí wọ́n fi síńkì bò yóò dípẹtà láàárín ọdún díẹ̀. Omi á pọ́n, á máa ní adùn irin lẹ́nu, á ba aṣọ funfun jẹ́, àwọn obìnrin á sì padà sí odò. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Páìpù oníke tàbí irin tí kì í dípẹtà wọ́n díẹ̀ síi, òun ló sì yẹ níbẹ̀.

Pèpéle símẹ́ńtì tó yí ẹ̀rọ ká náà ń fẹ́ sùúrù. Ọjọ́ méje ó kéré tán ni kí wọ́n fi máa wọ́n omi sí i, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ tó ti kéde ọjọ́ ìṣíde sáájú kì í ní ọjọ́ méje. Símẹ́ńtì á sán, omi ìdọ̀tí á máa ti ojú sísán náà wọlé padà sínú kànga, ọmọdé á sì máa kó àrùn ìgbẹ́ gbuuru láti inú omi tí wọ́n ní ó mọ́.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú rọrùn ju ti omi lọ, ó sì pẹ́ tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí: ní 1925, ní Cedar Point ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni Helen Keller, òǹkọ̀wé tó fọ́jú tó sì dití, rọ àwọn Lions pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn afọ́jú rò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àyẹ̀wò ni pé kí pátákó lẹ́tà wà ní mítà mẹ́fà, kí ìmọ́lẹ̀ kún ojú rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó má fi ìka tẹ̀ ẹ́, torí ojú tí wọ́n bá tẹ̀ á ríran bàìbàì nígbà tó bá kàn án. Ẹni tí kò bá rí ìlà tó yẹ, kí ó wo ó láti inú páálí tó ní ihò bíńtín. Bí ìríran bá dára síi láti inú ihò náà, jígí ojú lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá dára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn ojú. Dókítà ojú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi jígí tù ú nínú. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò bá tíì bá ilé ìwòsàn kan ṣe àdéhùn, tí kò sì tíì ya owó ìrìnnà àti ìtọ́jú sọ́tọ̀, kó má tíì pe ènìyàn jáde. Ìkà ni kí a sọ fún àgbàlagbà pé ojú rẹ̀ ń kú lọ, kí a wá fún un ní omi àti fìlà ẹgbẹ́ lọ sílé.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ lẹ́yìn ìṣíde ni kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ni ààrẹ tuntun ń gorí àga ní Rotary àti Lions, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ tí orúkọ tirẹ̀ wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ààrẹ àná á di ọmọ òrukàn. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi alága iṣẹ́ sí ipò fún ọdún mẹ́ta, ààrẹ tó ń bọ̀ á fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn á sì ya owó àbẹ̀wò sọ́tọ̀ nínú ìnáwó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rọpárọsẹ̀ ṣe tọ́jọ́. Láti 1985 tí Rotary ti bẹ̀rẹ̀ PolioPlus, ètò tó ń gbógun ti àrùn náà, ọ̀pọ̀ ààrẹ ti wá, wọ́n ti lọ, iṣẹ́ kò dúró. Ní 1988, bí ẹni 350,000 ni àrùn náà ń kọ lù lọ́dún ní orílẹ̀-èdè 125. Ó ti dín kù ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lóṣù Kẹjọ ọdún 2020 sì ni wọ́n kéde pé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, èyí tí kò wá láti inú oògùn àjẹsára, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tí alága iṣẹ́ omi nílò fún àbẹ̀wò kò pọ̀: kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan, fóònù tó ní aago, àti ìwé tí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìṣíde sí. Ẹ̀rọ tó ń mú lítà 17 jáde ní ìṣẹ́jú kan á kún kẹ́ẹ̀gì náà ní bí àádọ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Kó lọ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà àti oṣù méjìlá lẹ́yìn ìṣíde, kó sì dé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Bí wọ́n bá ń fà á tí omi pẹ́ kó tó jáde, omi tó wà nínú páìpù ti sun padà lóru: fáàfù ìsàlẹ̀ tàbí oríkèé páìpù kan ló ń jò. Bí omi bá jáde lójú ẹsẹ̀ àmọ́ tí kẹ́ẹ̀gì gba ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó kún, rọ́bà inú ẹ̀rọ ti jẹ. Rọ́bà yẹn kò wọ́n. Ìgbìmọ̀ omi àdúgbò ló yẹ kó ti ní méjì nípamọ́, pẹ̀lú sípánà àti ẹni méjì, ó kéré tán obìnrin kan, tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú alága, kí alága má fọwọ́ kàn án. Kó tún ka aago, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kà á jáde ní ìpàdé tó ń bọ̀.